Ká ní Róòmù tún ètò oyè olú ọba àti ètò ogun rẹ̀ ṣe: àwọn ìbéèrè tí ó máa ń jẹ yọ àti ìdáhùn wọn

Kí ni ìtàn ká-ní, kí sì ni òfin rẹ̀?

Ìtàn ká-ní ni èyí tí a gbé ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, tí a wá yí ìpinnu kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀ kí a lè tọpa ohun tí ì bá tẹ̀lé e. Ìpinnu náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn ìgbà náà lè ṣe pẹ̀lú owó, ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Bí a bá fún Diocletian, olú ọba Róòmù kan láyé àtijọ́, ní ìbọn, a ti kúrò nínú ìtàn, a ti wọ inú àlọ́.

Sáà tí a ń sọ níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 235, nígbà tí àwọn ọmọ ogun pa Severus Alexander, ó sì parí ní ọdún 476, nígbà tí Odoacer yọ ọ̀dọ́mọkùnrin Romulus Augustulus lórí oyè ní Ítálì.

Ta ni ó ń fi olú ọba jẹ ní Róòmù?

Lẹ́nu, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù àti àwọn ará ìlú ni; ní ti gidi, àwọn ọmọ ogun ni. Kò sí òfin tí ó sọ pé àkọ́bí ọkùnrin ni yóò jogún oyè, kò sí ìdílé ọba tí oyè ń kárí láàárín wọn, kò sì sí afọbajẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ gé. Ẹni tí àwọn ọmọ ogun bá kí ní Augustus, ìyẹn orúkọ oyè olú ọba, tí ó sì ṣẹ́gun gbogbo ẹni tí ó dojú kọ ọ́, òun ni olú ọba. Ẹni tí wọ́n kí bẹ́ẹ̀ tí ogun sì ṣẹ́, adìtẹ̀ ni àwọn òpìtàn ń pè é.

Owó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Olú ọba tuntun gbọ́dọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ní ẹ̀bùn ìgorí-oyè. Nígbà tí wọ́n gbé Julian sókè lórí asà ní ìlú Paris ní ọdún 360, owó wúrà márùn-ún àti ìwọ̀n fàdákà kan ni ó ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí túmọ̀ sí pé ọdún tí olú ọba bá yí padà jẹ́ ọdún ọ̀rá fún sójà. Ní ọdún 193 pàápàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin ta oyè náà ní gbàǹjo fún Didius Julianus, tí kò sì lo oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀ kí wọ́n tó pa á.

Ṣé Róòmù kò ti ní ìlànà gbígba ẹni tí ó yẹ ṣọmọ tẹ́lẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú. Nerva gba Trajan ṣọmọ, wọ́n kéde pé Trajan náà gba Hadrian, Hadrian gba Antoninus Pius, Antoninus sì gba Marcus Aurelius. Láti ọdún 96 dé 180, oyè ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí ó gbé ọmọ ẹlòmíràn sórí oyè náà tí ó ní ọmọkùnrin tirẹ̀ tí ó wà láàyè. Marcus Aurelius ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ó ní, kò sì wojú ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ Commodus ọmọ rẹ̀ di Augustus ní ọdún 177. Àìní àrólé ni ó bí ìlànà náà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí Róòmù padà sí gbígba ọmọ ṣọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò ṣe sí ọmọ tí olú ọba bí. Ọmọ olú ọba tí kò jọba kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí, nítorí pé àwọn ọmọ ogun tí bàbá rẹ̀ bọ́ yóò wá a rí.

Kí ni ó dé láàárín ọdún 235 àti 284 tí oyè fi di eré ìpakúpa?

Láàárín bí àádọ́ta ọdún, ó lé ní 20 olú ọba tí ó jẹ, àwọn tí ó sì kú sórí ibùsùn wọn kò pọ̀ rárá. Ní ọdún 238 nìkan, mẹ́fà ni ó jẹ́ orúkọ náà. Olú ọba Decius kú sójú ogun pẹ̀lú àwọn Goth, ẹ̀yà kan láti òdìkejì Odò Danube, ní 251. Àwọn ará Páṣíà mú Valerian láàyè ní 260, ọdún náà gan-an sì ni Postumus, ọ̀gágun kan, gba Gaul (ilẹ̀ Faransé òde òní àti agbègbè rẹ̀), tí Bìrìtéènì àti Sípéènì sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Aurelian kó gbogbo ilẹ̀ náà jọ padà nígbà tí ó fi di 274. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun rẹ̀ pa á.

Ojúkòkòrò nìkan kọ́ ni ó fa èyí. Ọ̀tá wà ní etí Odò Rhine àti Odò Danube, ọ̀tá tún wà ní ìhà Páṣíà, olú ọba kan ṣoṣo kò sì lè wà níbi méjèèjì. Ẹnubodè tí kò bá rí olú ọba nítòsí a fi tirẹ̀ jẹ. Ohun tí àwọn ọmọ ogun Gaul fẹ́ lọ́wọ́ Postumus ni ẹni tí yóò gbọ́ igbe wọn kí ilé wọn tó jó.

Kí ni ètò olú ọba mẹ́rin tí Diocletian dá sílẹ̀?

Diocletian gorí oyè ní ìlú Nicomedia, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ní ọdún 284. Ní 286, ó sọ Maximian di Augustus ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn. Ní 293, igbákejì méjì tí oyè wọn ń jẹ́ Késárì kún wọn: Galerius ní Ìlà-oòrùn, Constantius ní Ìwọ̀-oòrùn. Báyìí ni olú ọba ṣe súnmọ́ ẹnubodè kọ̀ọ̀kan tí ogun ti ń gbóná, tí kò sì sí ọmọ ogun ńlá kan tí ó lè sọ pé òun kò rí ojú ọba.

Apá kejì ètò náà ni a kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 305, àwọn Augustus méjèèjì gbé adé sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọn Késárì bọ́ sí ipò wọn, wọ́n sì yan Késárì tuntun méjì. Diocletian lọ sí ààfin tí ó kọ́ sí etíkun ilẹ̀ Croatia, níbi tí ìlú Split wà lónìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà pé kí ó padà sórí oyè, a gbọ́ pé ewébẹ̀ tí ó gbìn lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn.

Kí ló dé tí ètò náà fi fọ́ kíákíá?

Àwọn Késárì tuntun tí wọ́n yan ní 305 ni Severus àti Maximinus Daia, ẹni Galerius ni àwọn méjèèjì. Wọ́n fo Constantine, ọmọ Constantius, wọ́n sì fo Maxentius, ọmọ Maximian, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ ogun sì mọ bàbá wọn bí ẹni mowó. Constantius kú ní ìlú York ní oṣù Keje ọdún 306. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kí Constantine ní Augustus. Ní oṣù Kẹwàá, Maxentius gba ìlú Róòmù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 307 ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ ìtàn ká-ní há sórí. Galerius rán Severus láti lọ bá Maxentius jà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tí Severus kó lọ ti jẹun lọ́wọ́ Maximian fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ṣe dé iwájú odi Róòmù, wọ́n fi Severus sílẹ̀, wọ́n sì bá ọmọ ọ̀gá wọn àtijọ́ lọ. Diocletian tún ọ̀nà tí a ń gbà yan olú ọba ṣe, ṣùgbọ́n kò tún ohun tí ó so ọmọ ogun mọ́ ọ̀gá wọn ṣe. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì, bí a bá ṣe ìdajì rẹ̀, òfo ni.

Ká ní wọ́n fi Constantine àti Maxentius jẹ Késárì ní 305 ńkọ́?

Àbá yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, ó sì dára dé ìwọ̀n kan: ogun abẹ́lé ọdún 306 sí 313 ì bá ṣeé yẹra fún, ó sì ṣeé ṣe kí ètò náà rí ogún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń jogún bàbá, ètò olú ọba mẹ́rin ti di ìdílé ọba mẹ́rin, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò sì bí ju àrólé kan lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Constantine fúnra rẹ̀ kú ní 337 fi hàn bẹ́ẹ̀: wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ ọkùnrin, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta pín ilẹ̀, ní 340 ọ̀kan sì kú níbi tí ó ti gbógun wọ ilẹ̀ àbúrò rẹ̀.

Báwo ni ètò ogun ṣe rí lẹ́yìn Diocletian àti Constantine?

Diocletian fi kún iye ọmọ ogun. John Lydus, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó kọ̀wé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, fún wa ní 389,704 ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti 45,562 ti ojú omi fún ìgbà Diocletian. Ó tún pín àwọn ìpínlẹ̀ kéékèèké títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ agbára ogun kúrò lọ́wọ́ àwọn gómìnà, kí ẹni tí ó ń gba owó orí má baà jẹ́ ẹni tí ó ní idà.

Constantine ni ó parí ìyapa náà. Ó tú àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin Róòmù ká ní 312, ó fi ìdí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ń bá olú ọba rìn múlẹ̀, ó sì fi ọ̀gágun àgbà méjì ṣe olórí wọn, ọ̀kan fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀, èkejì fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Àwọn yòókù ni ọmọ ogun ẹnubodè, tí owó wọn kéré tí iyì wọn sì kéré sí i.

Ṣé àṣìṣe ni bí Constantine ṣe kó ọmọ ogun kúrò lẹ́nubodè?

Zosimus, òpìtàn tí kò fẹ́ràn Constantine nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ni ó tan ẹ̀sùn yìí kálẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbé e láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ ogun ẹnubodè kò pòórá. Wọ́n ń jà títí dé ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó wà nítòsí ààfin ń dáàbò bo olú ọba lọ́wọ́ adìtẹ̀ bí ó ṣe ń dáàbò bo ilẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì, ọ̀gá rẹ̀ sì ni ó súnmọ́ ìtẹ́ jù lọ. Gallienus, olú ọba kan ṣáájú Diocletian, ti rí èyí ṣáájú: ọ̀gá àwọn ẹlẹ́ṣin tí ó kó jọ sí Milan, Aureolus, ni ó ṣọ̀tẹ̀ sí i ní 268.

Ogun abẹ́lé tàbí ogun àjèjì, èwo ni ó jẹ ọmọ ogun Róòmù run?

Àwọn méjèèjì ni, ṣùgbọ́n ti abẹ́lé ni a máa ń fojú kéré. Ní Mursa, ní 351, Constantius Kejì, ọmọ Constantine, bá Magnentius tí ó dìtẹ̀ gba oyè ní Ìwọ̀-oòrùn jà. Eutropius, tí ó wà láyé nígbà náà, kọ̀wé pé agbára tí ó ṣòfò lọ́jọ́ náà ì bá tó fún ogun èyíkéyìí pẹ̀lú àjèjì. Ní Odò Frigidus, ní 394, Theodosius, olú ọba Ìlà-oòrùn, ṣẹ́gun Eugenius tí wọ́n fi jẹ olú ọba ní Ìwọ̀-oòrùn àti Arbogast ọ̀gágun rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn ni ó fọ́ níbẹ̀. Láàárín ọdún méjìlá, Odò Rhine kò rí ẹni ṣọ́ ọ dáadáa mọ́.

Ká ní Valens dúró de Gratian kí ó tó jà ní Adrianople ńkọ́?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 378, Valens, olú ọba Ìlà-oòrùn, kò dúró de Gratian ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń kó ogun bọ̀ láti Ìwọ̀-oòrùn. Ammianus, òpìtàn ìgbà náà, sọ pé bóyá ni ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ogun rẹ̀ fi yè. Ká ní ó dúró ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tú àwọn Goth ká, kí wọ́n sì pín wọn sáàárín àwọn ọmọ ogun mìíràn gẹ́gẹ́ bí ìṣe Róòmù àtijọ́, dípò àdéhùn ọdún 382 tí ó jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ lábẹ́ àwọn olórí wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Róòmù tí ó ta oúnjẹ ní ọ̀wọ́n gógó fún àwọn Goth tí ebi ń pa ní 376, tí wọ́n ń gba ọmọ wọn ṣe ẹrú nítorí ẹran ajá, ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Mo gbà pé ìtàn ká-ní tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lágbára ju èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní pápá ogun.

Kí ni ewu ọmọdé tí a fi jọba?

Valentinian Kìíní, olú ọba Ìwọ̀-oòrùn, kú lójijì ní 375, ní ilẹ̀ Hungary òde òní. Gratian ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 16, ti jẹ́ Augustus tẹ́lẹ̀; síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọ̀gágun ti fi àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin jẹ olú ọba, láìbi Gratian léèrè. Láti ìgbà náà, ọmọdé di nǹkan tí ó rọrùn fún ọ̀gágun láti fi pamọ́ sẹ́yìn. Honorius jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 395, Valentinian Kẹta jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 425. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè kó ogun jáde. Ẹni tí ó bá a kó o jáde ni olú ọba gidi.

Òfin ọjọ́ orí lè dùn létí, ṣùgbọ́n Theodosius Kejì jọba ní Constantinople ní ọmọ ọdún méje ní 408, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́. Anthemius, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ni ó di ìjọba mú fún un. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ odi ńlá Constantinople ní 413. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe ọ̀gágun, ìyẹn sì ni ìyàtọ̀.

Kí ló dé tí Ìlà-oòrùn fi là á já tí Ìwọ̀-oòrùn kò fi là á?

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé Ìlà-oòrùn lówó jù, odi Constantinople kò ṣeé wọ̀, Páṣíà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ jálẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jẹ́ ìpinnu ènìyàn, tí kì í ṣe ẹ̀bùn ilẹ̀, òun sì ni ó wúlò jù fún ìtàn ká-ní.

Ní Ìlà-oòrùn, ọ̀gágun àgbà márùn-ún ni ó wà: méjì nítòsí ààfin, ọ̀kan ní Thrace, ọ̀kan ní Illyricum, ọ̀kan ní ìhà Páṣíà. Ẹgbẹ́ wọn kò ju ara wọn lọ, olú ọba ni olúkúlùkù ń jábọ̀ fún. Bí ọ̀kan bá yájú, mẹ́rin wà tí a lè fi ká a lọ́wọ́ kò. Gainas gbìyànjú láti gba Constantinople ní 400. Àwọn ará ìlú dìde sí i, Fravitta, ọ̀gágun mìíràn, sì lé e kúrò. Ní 471, olú ọba Leo pa Aspar, ọ̀gágun tí ó gbé e gorí oyè, ìjọba kò sì wó.

Ní Ìwọ̀-oòrùn, ọ̀gágun àgbà kan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn olórí ogun ẹnubodè. Àga kan náà ni Stilicho jókòó lé, lẹ́yìn rẹ̀ Constantius Kẹta, lẹ́yìn náà Aetius, lẹ́yìn rẹ̀ Ricimer. Olú ọba tí ó bá fẹ́ yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pa á, bí ó bá sì pa á, ogun rẹ̀ ni ó pa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 408, Honorius ní kí wọ́n bẹ́ Stilicho lórí. Nígbà tí wọ́n pa ìyàwó àti ọmọ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí kì í ṣe ará Róòmù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá Alaric, olórí àwọn Goth, lọ, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Alaric kó ìlú Róòmù. Valentinian Kẹta fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Aetius ní 454. Kí ọdún tó yípo, méjì nínú àwọn ẹni Aetius ti pa òun náà.

Ká ní Theodosius pín ipò ọ̀gágun ní Ìwọ̀-oòrùn bí ó ṣe pín in ní Ìlà-oòrùn ńkọ́?

Èyí ni èmi ìbá yàn ṣáájú gbogbo àbá yòókù. Theodosius fúnra rẹ̀ mọ ìlànà náà, abẹ́ rẹ̀ ni ó sì ti ń gbérasọ ní Ìlà-oòrùn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 394, tí ó ṣẹ́gun, títí di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 395, tí ó kú ní Milan, agbára ogun ìhà méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Oṣù mẹ́rin tó láti fi ọ̀gágun kan sí Gaul, ọ̀kan sí Ítálì, ọ̀kan sí Áfíríkà, kí ó sì fi olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe alágbàtọ́ Honorius, dípò tí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ Stilicho.

Kò ní dá àwọn ẹ̀yà Vandal, Alan àti Sueve dúró kí wọ́n má sọdá Odò Rhine ní òpin 406. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun Gaul tí ọmọ ogun rẹ̀ wà níbẹ̀ ì bá pàdé wọn ní Gaul. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé Stilicho ti kó ọmọ ogun Rhine wá sí Ítálì láti bá Alaric jà, àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì rí i pé kò sí ẹni tí ń bọ̀, wọ́n sì fi Constantine Kẹta jẹ ní 407. Ọ̀rọ̀ Postumus ni ó tún padà wá.

Ṣé kì í ṣe ọ̀gágun púpọ̀ tí ń bá ara wọn jà ni ó sọ Áfíríkà nù?

Ìbéèrè tí ó le jù nìyí, ó sì tọ́ kí a bi í. Ní 427, Felix, ọ̀gágun àgbà, gbógun ti Boniface tí ó jẹ́ olórí ogun ní Áfíríkà. Ní 429, Geiseric kó àwọn Vandal sọdá láti Sípéènì. Ní 432, Boniface àti Aetius kojú ara wọn nítòsí Rimini, Boniface sì kú nínú ọgbẹ́ rẹ̀. Lójú ẹni tí ó bá wò ó fìrí, ìpínyà ni ó pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń jà sí. Àga kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lé, nítorí pé ẹni tí kò bá jókòó lórí rẹ̀ yóò máa bẹ̀rù ẹni tí ó jókòó. Ní Ìlà-oòrùn, ipò ọ̀gágun Thrace kò fi ẹ̀mí ọ̀gágun Illyricum sínú ewu. Mo gbà pé pínpín ipò nìkan kò tó: òfin gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀kan kò lágbára láti yọ èkejì, owó oṣù àwọn ọmọ ogun sì gbọ́dọ̀ máa gba ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọjá.

Ṣé àwọn ọmọ ogun àjèjì ni ó ba Róòmù jẹ́?

Rárá. Fravitta tí ó gba Constantinople là jẹ́ Goth. Stilicho, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Vandal, kò gbé ọwọ́ sókè sí Honorius nígbà tí wọ́n wá pa á. Ohun tí ó yí padà ni pé kí 378 tó dé, àjèjì ń wọ inú ẹgbẹ́ Róòmù lábẹ́ ọ̀gá Róòmù. Lẹ́yìn rẹ̀, odindi ẹ̀yà ń jà lábẹ́ olórí tirẹ̀ fún owó àti ilẹ̀.

Àìrí ọmọ ogun nílé ni ó fà á. Àwọn onílẹ̀ ńlá fẹ́ràn kí wọ́n san wúrà ju kí wọ́n fi àgbẹ̀ wọn sílẹ̀, ìjọba sì ń gba wúrà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń gé àtàǹpàkò wọn kí wọ́n má baà lè di idà mú, títí òfin 381 fi ní kí onílẹ̀ fi méjì irú wọn dípò ẹnì kan tí ó pé. Àtúnṣe ogun tí kò bá fọwọ́ kan àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Owó ńkọ́?

Àríkọ́gbọ́n gbogbo ìtàn ká-ní nípa Róòmù nìyí. Áfíríkà, tí ó jẹ́ Tunisia àti Algeria lónìí, ni ó ń fi ọkà bọ́ ìlú Róòmù, tí owó orí rẹ̀ sì ń gbé ogun Ítálì ró. Geiseric gba Carthage ní 439. Ní 444, ìjọba Valentinian Kẹta jẹ́wọ́ nínú òfin rẹ̀ pé owó tí ń wọlé kò tó bọ́ àwọn ọmọ ogun tàbí wọ̀ wọ́n láṣọ mọ́, wọ́n sì bu owó orí tuntun lé ọjà títà. Lẹ́yìn ọdún náà, ẹni yòówù kí ó gorí oyè, àpò òfìfo ni yóò bá níbẹ̀.

Ká ní Majorian gba Áfíríkà padà ńkọ́?

Majorian, tí ó jọba láti 457 sí 461, ni ẹni ìkẹyìn ní Ìwọ̀-oòrùn tí ó mú iṣẹ́ náà bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe é. Ó kó ọkọ̀ ojú omi jọ sí Sípéènì ní 460, àwọn ọ̀tá gba wọ́n tàbí kí wọ́n bà wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó ṣí, Ricimer sì pa á ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ká ní ọkọ̀ rẹ̀ ṣí, owó ì bá padà dé. Ṣùgbọ́n Ricimer ṣì wà lórí àga ọ̀gágun, olú ọba tí ó ṣẹ́gun sì ń bà á lẹ́rù ju èyí tí ó pàdánù. Ìtàn tí kò bá ti sọ ohun tí Majorian yóò ṣe sí Ricimer, kò tíì dé ibì kankan.

Ṣé ìgbìmọ̀ afọbajẹ kan lè rọ́pò ìfẹ́ àwọn ọmọ ogun?

Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù gbìyànjú rẹ̀ ní 238: wọ́n yan Pupienus àti Balbinus, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin sì pa wọ́n kí wọ́n tó lo oṣù mẹ́rin. Afọbajẹ tí kò ní ohun tí yóò fi gba ẹni tí ó yàn lọ́wọ́ sójà kò lè fi ọba jẹ.

Ohun tí ó súnmọ́ ọn jù ni bí Constantinople ṣe ń ṣe é. Nígbà tí Theodosius Kejì kú ní 450, Pulcheria ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ Marcian, ọmọ ogun tí ó ti dàgbà, òun sì di olú ọba. Nígbà tí Zeno kú ní 491, Ariadne opó rẹ̀ ni ó yan Anastasius, òṣìṣẹ́ ààfin tí ó ti lé ní ẹni 60 ọdún, tí ó sì jọba fún ọdún 27. Ọ̀gágun, òṣìṣẹ́ ìjọba, bíṣọ́ọ̀bù àti obìnrin ààfin ni ó ń jùmọ̀ dá sí i, nínú ìlú kan ṣoṣo tí olú ọba kì í kúrò nínú rẹ̀. Ká ní Ìwọ̀-oòrùn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ààfin rẹ̀ ń ṣí láti Trier sí Milan, láti Milan sí Ravenna, àwọn ọlọ́lá rẹ̀ sì wà ní Róòmù.

Ọdún wo ni kí ẹni tí ó fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀?

Ó wà lọ́wọ́ ohun tí ó bá fẹ́ gbà là. Ọdún 305 dára fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ìdílé ọba jẹ lógún, ṣùgbọ́n yóò ní ọgọ́jọ ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kún kí ó tó dé 476, gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀sìn Kristẹni àti Constantinople ni yóò sì yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 376 dára fún ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn Goth. Ọdún 461 ti pẹ́ jù.

Bí a bá bi mí, oṣù mẹ́rin ti Theodosius ní Milan ni mo máa mú. Ẹ fi ọ̀gágun mẹ́ta tí ipò wọn dọ́gba síbẹ̀, ẹ fi ìṣúra ogun sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ẹ sì ní kí onílẹ̀ tí ó ní àgbẹ̀ fi àgbẹ̀ sílẹ̀, kí a má gba wúrà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí òǹkọ̀wé wo ohun tí àwọn onílẹ̀ Ítálì yóò ṣe nígbà tí òfin kẹta yẹn bá dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀.